Kí Ló Ṣe É Tó Fi Ń Lù Ú? Lámèyítọ́ Lórí Bí Ètò Ìjàkadì Raw Ṣe Ń Ná Àkókò Rẹ̀

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nílé ìyá ìyá mi, ẹ̀rọ fídíò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ti yá kásẹ́ẹ̀tì rẹ́sílìn wá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo ọmọ àdúgbò á wá tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn àgbà á jókòó sórí àga. Màmá kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníjàkadì náà. Wọn kì í béèrè ẹni tó ń borí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá, wọ́n á sì tẹjú mọ́ wa títí a ó fi dáhùn: "Kí ló ṣe é tó fi ń lù ú báyìí?" Bí a bá rí ìdáhùn, bí a bá ní, "Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Màmá, òun ló dalẹ̀ rẹ̀," wọ́n á sún àga wọn síwájú. Bí a kò bá rí nǹkan sọ, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ wo ẹ̀wà wọn lórí iná.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni gbogbo lámèyítọ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n dúró lé. Àwa tí a ti ń wo eré yìí tipẹ́ mọ̀ pé wọ́n ti fẹnu kò sórí ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó wọ inú okùn. Èyí kì í ṣe àṣírí, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹni tó sanwó wọlé lọ wo eré Ògúndé kò béèrè bóyá idà tí wọ́n fà yọ mú lóòótọ́. Ohun tó fẹ́ ni pé kí eré náà dùn, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì yé òun. Eré oníṣe ni ìjàkadì yìí, ara ni wọ́n fi ń ṣe é. Nítorí náà, òṣùwọ̀n eré oníṣe la ó fi wọ̀n ọ́n. A gbà pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ lè ṣe: kó jẹ́ ká mọ ìdí ìjà, kó fi ìjà hàn wá, tàbí kó jẹ́ ká rí ohun tí ìjà náà sọ àwọn tó jà ín dà. Ìṣẹ́jú tí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣòfò, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó pe èrò wá wò ó.

Ètò Raw tí ilé-iṣẹ́ WWE ń gbé jáde láti Amẹ́ríkà ní alẹ́ ọjọ́ Ajé la gbé ka orí òṣùwọ̀n, nítorí òun ni àgbà láàárín irú ètò bẹ́ẹ̀, ohun tó bá sì ṣe làwọn yòókù ń wò ṣe. Ọjọ́ 11, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Manhattan Center ní New York, lórí ìkànnì USA Network. Yokozuna àti Koko B. Ware ló kọ́kọ́ jà. Wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1997, ó di wákàtí méjì. Ní ọjọ́ 23, oṣù Agẹmọ, ọdún 2012, lálẹ́ tí wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún rẹ̀, ó di wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún ọdún méjìlá. Ní ìparí ọdún 2024, wọ́n gé e padà sí méjì fún oṣù díẹ̀, kó tó kó lọ sórí Netflix ní ọjọ́ 6, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2025, níbi tí gígùn rẹ̀ kò ti dọ́gba láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Wákàtí kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yẹn ní ẹ̀kọ́ nínú. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dára: nínú ọ̀pọ̀ ìjà ìgbà náà, gbajúmọ̀ kan ló ń fi ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ẹ̀ pàápàá níṣẹ́ tó ń ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ó ti mọ agbára gbajúmọ̀ náà, a ó ti mọ ìdìmú tó fi ń parí ìjà, débi pé bó bá fi mú ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, jìnnìjìnnì á ti bò wá kó tó fún un. Àkókò tí kò tó ló kọ́ wọn ní ìṣúnná. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò pọ̀ kì í gé e ní ìgékúgèé.

Ìdí tí wákàtí kan fi di mẹ́ta kò ṣòro mọ̀. Ìpolówó ọjà ni ìkànnì tẹlifíṣọ̀n fi ń jẹun, ètò tó bá sì pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ni ìpolówó rẹ̀ ń pọ̀. Owó ló na ètò náà gùn, kì í ṣe ìtàn. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dá gígùn lẹ́bi lásán. Eré àwọn alárìnjò wa gùn, àwọn èèyàn sì ń jókòó tì í wọ òru, nítorí pé apá kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀: ìjúbà ni wọ́n fi ń ṣí i, eré gan-an á tẹ̀ lé e, orin ìdágbére á sì kádìí rẹ̀. Òǹwòran mọ ibi tí wọ́n dé, ó sì mọ ohun tó kù. Àbùkù Raw ni pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí àárín rẹ̀ kò ní ibi tó ń lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ wà, ìparí wà, ṣùgbọ́n àárín dà bí ọjà tí àwọn ìyálọ́jà ti palẹ̀ igbá mọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbẹ̀rẹ̀ náà. Orin kan á dún, ọkùnrin kan á jáde, á gba gbohùngbohùn, á sì máa ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwọn tó wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó tó parí, orin ẹlòmíràn á dún, onítọ̀hún á wá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnì kẹta á dé. Nígbà tí wọ́n bá pé mẹ́rin, ẹni tó ń ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á yọjú, á kéde pé méjì á bá méjì jà ní ìparí ètò. Ogún ìṣẹ́jú ti lọ, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ kò dára. Ọ̀rọ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè Màmá. Ohun tí a kọ̀ ni kí wọ́n máa fi ogún ìṣẹ́jú ru ohun tí gbólóhùn méjì lè rù, kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà á sì jẹ́ ọ̀kan náà débi pé ọmọdé mọ orin tó kàn.

Èkejì ni àtúnfihàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́jọ, wọ́n á tún fi hàn ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n á sì tún fi hàn ní aago mẹ́wàá. A mọ àwíjàre wọn: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà sídìí àlọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀rọ̀ wí. Orin inú àlọ́ máa ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá padà, Ìjàpá ti sún mọ́ ewu sí i, àwa tí à ń gbe orin sì ti mọ̀ pé ọwọ́ máa tó tẹ̀ ẹ́. Àwítúnwí tó ń gbé ìtàn lọ síwájú nìyẹn. Àtúnfihàn Raw kì í gbé e kúrò níbi tó wà: àwòrán kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹni tí wọ́n lù ni wọ́n fi hàn wá, níbi tó jókòó sí lẹ́yìn pèpéle tó ń wo àwòrán ara rẹ̀, ìṣẹ́jú kan náà yẹn ì bá ti di ìtàn.

Ẹ̀kẹta ni ìpolówó. Ìjà á gbóná, ọ̀kan á ju èkejì síta okùn, á sáré fò lé e lórí, ìpolówó ọṣẹ á sì dé. Nígbà tí wọ́n bá padà, ẹni tó ń borí lẹ́ẹ̀kan ló wà nílẹ̀ yìí, ẹnì kejì rẹ̀ ti fi apá há a lọ́rùn. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe yí padà? Ibi tí a kò sí ló ti yí padà. A kò lè ní kí wọ́n má polówó. A lè ní kí ìpolówó wà láàárín ìjà méjì, kí ìjà kékeré má gba ọ̀kankan rárá, kí ìjà ńlá tí kò bá lè ṣe kó má gbà á sì fi mọ sí ẹyọ kan. Ìdí ni pé ìyípadà ni òkè ìtàn nínú ìjàkadì. Ẹni tó gé e sọnù ti gé ọkàn eré náà. Bí òǹwòran bá sì ti mọ̀ pé fífò síta okùn ni àmì ìpolówó, ẹ̀rù fífò náà kò ní bà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ọrùn ara rẹ̀ ni ẹni tó fò fi wewu.

Bí a bá dá àṣìṣe lẹ́bi, ó tọ́ ká yin iṣẹ́ tó péye. Ní ọjọ́ 19, oṣù Èrèlè, ọdún 2018, ní ìlú Phoenix, Raw ya èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún ìjà kan ṣoṣo. Ọkùnrin méje ni: méjì á kọ́kọ́ jà, ẹni tó bá ṣubú á kúrò, òmíràn á wọlé bá ẹni tó dúró, títí yóò fi ku ẹyọ ẹnì kan. Seth Rollins àti Roman Reigns ló bẹ̀rẹ̀. Rollins dá Reigns. John Cena wọlé, Rollins dá òun náà. Ó ti lé ní wákàtí kan tó ti wà nínú okùn kí Elias tó rí i mú. Finn Bálor dá Elias, The Miz dá Bálor, Braun Strowman ló sì dúró gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi àkókò yẹn rà. Kò sí ẹni tó gba gbohùngbohùn láti sọ fún wa pé Rollins ní ìfaradà; ojú wa ló rí i. A rí òógùn, a rí èémí tó ń já, a rí ẹni tó ń fi okùn fa ara rẹ̀ dìde. Alẹ́ kan ṣoṣo yẹn gbé e ga ju ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà lọ. Àwọn yòókù náà jèrè, nítorí ẹni tó dá ẹni tó dá Cena ti di ẹni à ń wò. Àbùkù kan la rí níbẹ̀: lẹ́yìn tí Rollins jáde, iná náà rọlẹ̀, ìjà tó tẹ̀ lé e kò sì rí ẹsẹ̀ bá a mọ́. Ẹni tí èrò ti fún lọ́kàn ló yẹ kí wọ́n fi pamọ́ de ìparí. Ṣùgbọ́n àbùkù kékeré ni èyí lára iṣẹ́ ńlá, ó sì jẹ́rìí sí ohun tí à ń sọ: bí wọ́n bá fọkàn tán ìjà, ìjà á bá wọn sọ̀rọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2015. Nínú Raw ti ọjọ́ 23, oṣù Èrèlè, ọdún náà, Nikki àti Brie Bella jáde wá bá Paige àti Emma jà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni ìjà náà fi parí. Orin tí wọ́n fi jáde pẹ́ jù ú lọ, nínú ètò tó ní wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́. Inú bí àwọn òǹwòran, wọ́n gba orí Twitter lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ fún àwọn obìnrin yìí láàyè. Nígbà tó di ọjọ́ 7, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, lábẹ́ ètò NXT tó fi ń tọ́ àwọn oníjàkadì tuntun, fún Sasha Banks àti Bayley ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, pé ẹni tó bá dá ẹnì kejì ju iye ìgbà tí wọ́n dá òun lọ ló borí. Bayley ló borí, mẹ́ta sí méjì.

Nínú ìjà yẹn, Sasha kúrò nínú okùn, ó lọ bá ọmọdébìnrin kan tó jókòó níwájú tó fẹ́ràn Bayley, ó já ọ̀já orí ọmọ náà gbà, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá ni èyí gbà. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó tún ń ronú lórí ayò mélòó sí mélòó. Gbogbo ilé ló ń fẹ́ kí wọ́n gbẹ̀san ọmọ náà. Àwọn obìnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìjà láàárín Èrèlè sí Ọ̀wàrà. Àyè ni wọ́n rí. Ní ọdún 2019, nígbà WrestleMania ẹlẹ́ẹ̀karùndínlógójì, ètò tó tóbi jù tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe lọ́dọọdún, ìjà àwọn obìnrin, Becky Lynch, Ronda Rousey àti Charlotte Flair, ni wọ́n fi kádìí ètò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. A yin ilé-iṣẹ́ náà fún èyí. A sì rán an létí pé àwọn òǹwòran ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà nílẹ̀.

Ìtàn Nitro, ètò ilé-iṣẹ́ WCW tó bá Raw fa okùn ọjọ́ Ajé láti ọdún 1995, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Òun náà ti di wákàtí mẹ́ta ní ọdún 1998. Ní ọjọ́ 4, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1999, asọ̀rọ̀-eré Nitro fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí afẹ́fẹ́ pé Mick Foley ló máa gba oyè lórí Raw lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí wọ́n ti ká Raw ti ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rò pé bí òun bá ti tú àbájáde síta, kò sí ẹni tí yóò lọ wò ó mọ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye òǹwòran ló yí ìkànnì padà lójú ẹsẹ̀. Lórí Nitro fúnra rẹ̀ lálẹ́ yẹn, ìka kan ni Hulk Hogan fi kan Kevin Nash láyà, Nash ṣubú sẹ́yìn, oyè sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní sọ pé alẹ́ kan ló pa WCW, nítorí gbèsè àti ìṣàkóso tí kò gún náà wà níbẹ̀ kó tó kógbá wọlé ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: àwọn tó yí ìkànnì padà ti mọ àbájáde. Ọkùnrin tí wọ́n ti lù bolẹ̀ láìmọye ìgbà, tí kò sí ẹni tó rò pé ó lè jọba, ni wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí lórí ìtẹ́. Ìdí ló fà wọ́n. Ètò tí ìdí ti sọnù nínú rẹ̀, ètò ìka tó kan àyà yẹn, ni wọ́n sì sá fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sórí ìlò èdè. Ní ọjọ́ 27, oṣù Òkúdù, ọdún 2011, ní Las Vegas, CM Punk jókòó ká ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pèpéle, ó sì sọ ohun tó ń bí i nínú nípa àwọn tó ń darí ilé-iṣẹ́ náà, títí wọ́n fi pa gbohùngbohùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó mọ eré yìí ṣì ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní, nítorí pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́: kò sí ẹlòmíràn tó lè gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orí Raw ti kùnà nìyí. Àwọn òǹkọ̀wé ló ń kọ ọ́ fún wọn, àkítọ̀ àti bọ́ọ̀sì sì ń sọ̀rọ̀ bákan náà, gígùn gbólóhùn wọn dọ́gba, èébú wọn dọ́gba. Ìjálá ọdẹ kan kì í dún bíi ti èkejì. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí á mọ̀ ọ́n láìrí ojú rẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn tí a kò lè fi ohùn rẹ̀ dá mọ̀ kò tíì di ẹ̀dá, bó ti wù kí àkókò tí wọ́n fún un pọ̀ tó.

Àwọn asọ̀rọ̀-eré náà ní ìpín tiwọn. Ní ìgbà tí Jim Ross wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohùn rẹ̀ ni òǹwòran fi ń mọ bí ìnira ti tó. Á pe ìdìmú ní orúkọ, á sọ ibi tó ti ń dunni, bí ìjà bá sì dójú ẹ̀, igbe tó ń jáde lọ́fun rẹ̀ dà bí igbe ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú ẹ̀. Lónìí, a máa ń rí ìjà tó gbóná, tí àwọn asọ̀rọ̀-eré sì ń tajà fún oníṣòwò kan tàbí kí wọ́n máa kéde ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹni tí wọ́n sanwó fún láti wò ó kò bá wò ó, èwo ni kí àwa máa wò? A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá wọn ń sọ sí wọn létí ló ń fà á, nítorí náà kì í ṣe àwọn nìkan la bá wí.

Ọ̀rọ̀ ìfìwàwẹ̀dá, bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀dá ìtàn ní ìwà àti ohùn tirẹ̀, kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Lórí SmackDown, àbúrò Raw, ní ọdún 2021, wọ́n sọ Apollo Crews, ẹni tí wọ́n bí ní Kalifọ́níà sọ́wọ́ òbí ọmọ Nàìjíríà, di ọmọ ọba. Wọ́n yí ohùn rẹ̀ padà, wọ́n fi ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́. Ní WrestleMania ọdún náà, ó gba oyè lọ́wọ́ Big E nínú ìjà tí wọ́n sọ lórúkọ ìlù Nàìjíríà, Babatunde Aiyegbusi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Póláńdì, ló sì wá ràn án lọ́wọ́. Ìlù wà níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ tí ìlù ti ń pe orúkọ, tó ń ki oríkì, tó sì lè bú ọ̀tá, wọ́n sọ ọ́ di igi tí wọ́n ń fi lura. Ìṣẹ́jú tí wọ́n ná sórí ohùn àyípadà náà ì bá tó fi sọ ìtàn ọmọ tó ń wá ilé baba rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ìtàn tó jẹ́ òótọ́, tí kò sì ní ọ̀kọ̀ nínú.

Ti Omos, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, gòkè, ó sì tún rẹlẹ̀. Gíga rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje, wọ́n sì fi ọgbọ́n lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀: oṣù mélòó kan ló fi dúró lẹ́yìn AJ Styles láìjà, tó kàn ń wo èèyàn. Nígbà tó wá wọ inú okùn ní WrestleMania ọdún 2021, a ti ń retí rẹ̀, òun àti Styles sì gba oyè lálẹ́ náà. Dídúró lásán yẹn kì í ṣe òfò, nítorí ó ń gbé ìjà tó ń bọ̀ ró. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, wọn kò wá ìdí kankan fún un mọ́. Nígbà tó pàdé Brock Lesnar ní ọdún 2023, ìjà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ; a rí gíga, a rí agbára, a kò rí ohun tó dà wọ́n pọ̀.

Ẹni tí wọ́n ṣe ìṣirò tirẹ̀ dáadáa ni Oba Femi. Èkó ni wọ́n ti bí i, Isaac Odugbesan lorúkọ rẹ̀, irin ló sì ń jù ní yunifásítì Amẹ́ríkà kó tó wọ iṣẹ́ yìí. Àwa tí a ní èdè mọ̀ pé Ọbáfẹ́mi ni orúkọ náà, pé ọba ló fẹ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n sì fi apá kìíní ṣe gbogbo ìwà rẹ̀. A lè bá wọn jà lórí gígé náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe péye. NXT gbé oyè North American lé e lọ́wọ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2024, ó sì dì í mú fún ọjọ́ 273. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó gba oyè NXT fúnra rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sáré. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ wá mọ ìdí tó fi wá, àwa náà sì mọ̀ ọ́n: ó fẹ́ gba ohun tó wà lọ́wọ́ ọba. Ìdí tó rọrùn nìyẹn, àkókò tí wọ́n fún un láti dàgbà ló jẹ́ kó tó.

Kí ni a wá ń béèrè? Kí ìjà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kọjá. Kí ìjà kan wà lálẹ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò gbà tó ogún ìṣẹ́jú, tí ẹnì kan á borí nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ti ẹ̀yìn wá dà á rú. Kí ìjà kéékèèké oníṣẹ́jú mẹ́ta padà wá fún àwọn tuntun, nítorí òun ló dára jù láti fi ojú mọ wọn. Kí àwọn gbajúmọ̀ kan má yọjú lọ́sẹ̀ mìíràn, kí a lè ṣàárò wọn. Ìjà tí a ti rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra kò ṣeé tà fún wa ní ìkarùn-ún. Àwíjàre pé wákàtí mẹ́ta wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kún ti ń tán lọ, nítorí pé lórí Netflix, ètò náà lè parí nígbà tí ìtàn bá parí. Ọwọ́ wọn ni ọ̀bẹ wà báyìí. Bí wọ́n bá ṣì ń bu omi sí ọbẹ̀, àwọn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé ní New York, aago kan tàbí méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lọ́dọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ìgbà inú ọdún bá ṣe rí. Ẹni tó bá ń wò ó ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta lásìkò yẹn ti ra dátà, ó ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó sì ní iṣẹ́ láàárọ̀. A kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ jí láti wá fi ohun tó ti rí hàn án.

Màmá ti lọ tipẹ́, wọn kò sì mọ Sasha Banks. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i tó já ọ̀já orí ọmọ yẹn gbà, wọn kò ní bi wá léèrè ohunkóhun. Wọ́n á kàn sún àga wọn síwájú ni.